Ọjà Tí Ìyá Káfíńtà Ń Béèrè

Káfíńtà kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Bí ènìyàn bá gbé iṣẹ́ wá, á wo igi, á wo ẹni náà, á ní, "Ó máa ṣe é ṣe," tàbí, "Kò ní ṣe é ṣe." Ó parí. Ìyàwó rẹ̀ máa ń sọ pé ìlẹ̀kùn ni òun ń bá gbé, pé ìlẹ̀kùn gan-an sì máa ń dún nígbà mìíràn.

Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́yìn ilé, ní òpópónà kan tó dagẹ̀rẹ̀ lọ sí etí òkun. Iyọ̀ inú afẹ́fẹ́ ibẹ̀ ń jẹ irin. Nítorí náà, níbi tí àwọn yòókù bá ti ń kan ìṣó, èèkàn igi ni òun ń lò. Ó ń pẹ́ lórí iṣẹ́. Ṣùgbọ́n àga tó bá ti ọwọ́ rẹ̀ jáde kì í mì.

Ìyá rẹ̀ ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀. Alágbàfọ̀ ni ìyá náà nígbà tí ara rẹ̀ ṣì le. Aṣọ ilé olówó, aṣọ ilé ìtura, aṣọ àwọn awakọ̀ ojú omi, gbogbo rẹ̀ ló fọ̀. Tó bá ń ṣiṣẹ́, á di ìdí rẹ̀ gírígírí kí ẹ̀yìn má baà ro ó. Ojú rẹ̀ mú, ẹnu rẹ̀ sì mú ju ojú lọ. Tó bá ń bá oníbàárà fa ọ̀rọ̀, àwọn tó wà nínú ọkọ̀ ojú omi ń gbọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ń ká aṣọ lórí okùn, apá ọ̀tún rẹ̀ rọ wálẹ̀, aṣọ bọ́, òun náà ṣubú lé aṣọ. Rọpárọsẹ̀ ni. Nígbà tí wọ́n fi máa gbé e dé láti ilé ìwòsàn, ọ̀tún rẹ̀ látòkè délẹ̀ kò ṣiṣẹ́ mọ́. Orí rẹ̀ sì ń mì ṣáá, bí ẹni tó ń sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni, sí gbogbo ohun tí wọ́n bá ní kí ó gbọ́.

Ọ̀rọ̀ kò tán lẹ́nu rẹ̀. Ohùn ló tán. Ẹnu tó máa ń gòkè, tó máa ń sọ̀, ó wá dúró sójú kan. Gbogbo ọ̀rọ̀ ń jáde lọ́gbọọgba, bí pákó tí ìfági ti gorí rẹ̀. Tó bá ní "omi", o mọ̀ pé omi ló ń béèrè. Ọ̀rọ̀ mìíràn, o ó kàn máa méfò ni.

Èyí tó ń sọ jù ni "ọja".

Láràárọ̀, tí wọ́n bá ti wẹ̀ fún un tán, tí wọ́n gbé e sórí àga, ó bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

"Ọja." Omi á lé ròrò sójú rẹ̀. "Ọja. Ọja."

"Kí lẹ fẹ́ kí n rà bọ̀ lọ́jà, Màmá?" ni ìyàwó Káfíńtà máa ń bi í. "Ọsàn ni? Ọṣẹ ni?"

Orí ìyá á máa mì. Ìyàwó ra ọsàn wálé. Ìyá kò wò ó. Ó ra ọṣẹ olóòórùn dídùn. Ó ra abẹ̀bẹ̀. Ó ra aṣọ ìnura tó fẹ̀ tó aṣọ ìbora.

"Ọja," ni ìyá wí.

"Ó dà bíi pé gbogbo ọjà pátá ni wọ́n fẹ́ kí n rù wálé," ni ìyàwó wí fún ọkọ rẹ̀. "Pẹ̀lú àwọn tó ń tà á."

Káfíńtà ló kan àga náà fúnra rẹ̀. Kò tíì kan ohun tó dára tó èyí rí. Ó fi táyà kẹ̀kẹ́ ọmọdé sí i lẹ́sẹ̀. Ó gé apá rẹ̀ kúrú, kí ó lè rọrùn láti gbé ìyá sí i, kí ó sì rọrùn láti gbé e kúrò. Ó fi sáńpépà ha ìjókòó rẹ̀ títí ó fi dán bí àwo, ó kun ún ní fáníìṣì, ó tún ha á, ó tún kun ún, kí igi má baà ha ìyá lára.

Ìyá kò fẹ́ràn rẹ̀. Ó hàn. Bí wọ́n bá ti gbé e jókòó báyìí, ọwọ́ òsì, èyí tó ṣẹ́kù fún un, á rọ̀ mọ́ apá àga. Kò ní fi í sílẹ̀ títí wọ́n á fi gbé e padà sórí bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n á ní kí ó fi ìka nà án sí ohun tó fẹ́. Kò ní nà án. Wọ́n á ní kí ó ṣe bí ẹni júwe rẹ̀. Ọwọ́ kò ní kúrò lára igi.

"Gbogbo ara ló rọ," ni ìyàwó wí, "agídí nìkan ni kò rọ."

Káfíńtà rẹ́rìn-ín díẹ̀. Lẹ́yìn náà kò rẹ́rìn-ín mọ́.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ń gbé ní ìlú ńlá kan tó jìnnà sí òkun. Yàrá pọ̀ nílé rẹ̀. Ó fóònù. Ìyàwó gbé fóònù sí ìyá létí, ohùn ẹ̀gbọ́n sì ń dún jáde débi pé gbogbo ilé gbọ́.

"Màmá! Ṣé ẹ ó wá sọ́dọ̀ mi? Ẹ ó bá mi lọ, àbí ẹ ò ní bá mi lọ?"

Ìyá mí sókè. Ó kó ẹnu jọ. "N o lọ."

"Ẹ gbọ́ ọ bí?" ni ẹ̀gbọ́n pariwo. "Wọ́n ní àwọn ó lọ! Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Mò ń gbé mọ́tò bọ̀ ní Sátidé."

Káfíńtà kò sọ nǹkan kan. Ìyàwó rẹ̀ gbé fóònù sílẹ̀, ó sì fi ọwọ́ ti ẹ̀yìn ara rẹ̀. Òun ló ń yí ìyá padà lórí bẹ́ẹ̀dì, òun ló ń wẹ̀ fún un, òun ló ń gbé e dìde. Ẹ̀yìn náà ti ń dùn ún tipẹ́. Inú rẹ̀ dùn pé ìyá ń lọ, ojú sì tì í pé inú òun dùn.

Ohun tó ń jẹ Káfíńtà lọ́kàn yàtọ̀. Sátidé ń bọ̀. Ìyá rẹ̀ ń fi omi ojú béèrè ohun kan lọ́wọ́ rẹ̀ láràárọ̀. Ó máa wọ mọ́tò lọ, òun kò sì ní tíì mọ ohun náà. Bí ó bá dé ìlú ńlá, ta ni yóò tún máa gbọ́ "ọja" tí yóò dá a lóhùn?

Ìyàwó ló kọ́kọ́ ronú kàn án. Ó wá sí ṣọ́ọ̀bù, ó dúró lórí èérún pákó.

"Ṣé kì í ṣe Ọjà Àwókù ni Màmá ń sọ?"

Ìfági dúró lọ́wọ́ Káfíńtà.

Ọjà Àwókù wà ní ìsàlẹ̀ òpópónà, níbi tí ilẹ̀ ti pàdé omi. Ẹnikẹ́ni kò mọ àwọn tó kọ́ ọ. Òpó òkúta ló ṣẹ́kù níbẹ̀, àti ìpìlẹ̀ àwọn ìsọ̀, àti kànga kan. Kí ìjọba tó fi wáyà yí i ká, tó gbé olùṣọ́ síbẹ̀, ibẹ̀ ni àwọn alágbàfọ̀ ti ń sá aṣọ. Òkúta ibẹ̀ ń gbóná, kò sì ní eruku. Ibẹ̀ ni ìyá Káfíńtà ti lo ọjọ́ ayé rẹ̀. Àwọn ará ìlú kì í tilẹ̀ pè é ní àwókù. "Ọjà" ni wọ́n ń pè é.

"Ibẹ̀ ni wọ́n ti pọ̀n yín dàgbà," ni ìyàwó wí. "Ta ni kò ní fẹ́ rí irú ibẹ̀ kó tó fi ìlú sílẹ̀?"

Káfíńtà gbọn èérún kúrò lára. "Ó máa ṣe é ṣe," ló wí.

Fúráìdé ni wọ́n lọ, láàárọ̀, kí oòrùn tó mú. Òpópónà náà dagẹ̀rẹ̀, Káfíńtà sì ń fa àga sẹ́yìn kí ó má baà sáré. Wọ́n kọjá ọ̀dọ̀ onígbàjámọ̀. Wọ́n kọjá ọ̀dọ̀ ẹni tó ń lẹ táyà. Àwọn ènìyàn ń kí ìyá, orí rẹ̀ ń mì sí wọn. Ní gbogbo ìgbà tí táyà bá ko kòtò, ìyá á yọ́ síwájú lórí ìjókòó, ìyàwó á tún gbá a mú lábẹ́ abíyá, á fà á padà sókè.

"Ọja," ni ìyá wí. Ìka rẹ̀ ti funfun lára apá àga.

"A ti ń lọ, Màmá. Ọjà náà là ń lọ yìí."

Olùṣọ́ jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó fi fìlà bojú. Àwọn ará ìlú ń pè é ní Ọba Òkúta. Ó ṣí fìlà.

"Ẹ káàbọ̀, Ìyá àgbà! Ẹ mà ti pẹ́ jù, ọjà ti tú." Ó rẹ́rìn-ín sí àwàdà ara rẹ̀. Ó hàn pé kò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa dá a.

"Kí ló kù lórí àtẹ?" ni ìyàwó bi í.

"Òkúta. Ńlá wà, kékeré wà. Kò sí ẹ̀dínwó." Ó wo àga. "Àgbà kì í sanwó níbí. Ṣùgbọ́n, ọ̀gá, àga yín kò ní gba inú iyanrìn yẹn o."

"Á gbà á," ni Káfíńtà wí.

Wọ́n wọlé. Àwọn òpó tó ṣì dúró wà ní ìlà kan. Àwọn tó ṣubú sùn sílẹ̀ bí gẹdú tí wọ́n ti gé. Ìpìlẹ̀ àwọn ìsọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kéékèèké, bí ilé tí àwọn ọmọdé fi ẹsẹ̀ fà sílẹ̀. Etí kànga ní ipa lára, ibi tí okùn ti jẹ òkúta. Tábìlì òkúta kan wà tí wọ́n gbẹ́ ihò sí, èyí tó tóbi, èyí tó kéré, èyí tó wà láàárín. Olùṣọ́, tó ti tẹ̀ lé wọn, ní òṣùwọ̀n ọkà ni, kí àwọn tó ń tajà má baà rẹ́ ènìyàn jẹ.

"Ìyẹn ni pé wọ́n ti ń rẹ́ni jẹ láti ìgbà náà," ni ìyàwó wí.

Káfíńtà ń wo oríkèé àwọn òkúta. Wọn kò fi nǹkan kan lẹ̀ wọ́n. Wọ́n gbẹ́ ọ̀kan wọ inú èkejì, bí òun náà ṣe ń gbẹ́ igi. Síbẹ̀ wọ́n ti wó. Lápá ibi tí omi wà, òkun ti wọ inú ọjà. Ó ń rú sókè láàárín àwọn ìsọ̀ tó gbẹ̀yìn, ó ń padà, wáyà ìjọba sì wà nínú omi.

"Tó bá di ọdún mìíràn," ni olùṣọ́ wí, "ẹja lẹ ó máa bá ná ọjà níbí."

Wọ́n ti àga dé ibi òkúta pẹrẹsẹ kan. Káfíńtà mọ̀ ọ́n. Ibẹ̀ ni ìyá máa ń tẹ́ aṣọ bẹ́ẹ̀dì ilé ìtura sí. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú ìyá rẹ̀.

"Màmá. Ọjà rèé."

Ó dúró. Ìyàwó dúró. Olùṣọ́ náà pa ẹnu mọ́, nítorí ó rí i pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti eré.

Ìyá kò wo òpó. Kò wo òkúta pẹrẹsẹ. Kò wo òkun. Ilẹ̀ tó wà níwájú ẹsẹ̀ rẹ̀ ló ń wò, bí ẹni tí wọ́n gbé sí etí kànga. Omi ojú rẹ̀ ń ṣàn.

"Ọja," ló wí.

"A ti débẹ̀!" Ohùn ìyàwó ga ju bó ṣe fẹ́ lọ. "Màmá, ọjà la wà yìí! Ọjà wo ló tún kù?"

"Ọja. Ọja."

Káfíńtà dìde. Ọkàn rẹ̀ bàjẹ́. Ó ti rò pé ìyá máa rẹ́rìn-ín, kódà bó ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Ó di àga mú láti yí i padà. Táyà kan rì sínú iyanrìn. Ó tì í. Àga náà dagun, ìjókòó tó dán bí àwo tẹ̀ síwájú, ìyá sì yọ́ kúrò lórí rẹ̀ bí ẹja ṣe ń yọ́ kúrò nínú agbọ̀n. Ọwọ́ òsì náà di apá àga mú títí kò fi lè dì í mọ́. Ó fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Iyanrìn wọ ẹnu rẹ̀.

Wọ́n gbé e dìde, wọ́n nu ẹnu rẹ̀. Kò fara pa. Ṣùgbọ́n ó ń gbọ̀n, gbogbo rẹ̀, kì í ṣe orí nìkan.

"Mo sọ nípa iyanrìn," ni olùṣọ́ wí jẹ́ẹ́.

"Ẹ sọ," ni Káfíńtà dáhùn.

Ẹsẹ̀ àga ti ṣẹ́. Kò sí ọ̀nà mìíràn ju kí ó pọ̀n ọ́n. Ó bẹ̀rẹ̀, wọ́n gbé ìyá lé e lẹ́yìn. Kò wúwo. Ṣùgbọ́n apá ọ̀tún ń fì, ẹsẹ̀ ọ̀tún ń wọ́lẹ̀, ọwọ́ òsì sì fún Káfíńtà lọ́rùn débi pé kò lè mí. Bó ṣe gbé ẹsẹ̀, ìyá yọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan.

"Ọja," ni ìyá wí sí i létí. Ó súnmọ́ tó bẹ́ẹ̀ tó fi ń gbọ́ èémí tó gbé e jáde.

"Ẹ dúró, wọ́n ń bọ́," ni ìyàwó wí. Ó tú ìborùn rẹ̀. "Ẹ jẹ́ kí n fi èyí dì wọ́n mọ́ yín. Kò gùn tó. Irú èyí, ọ̀já gidi ló yẹ kí..."

Ó yí ojú sí ìyá.

Olùṣọ́ wo ìyàwó, ó wo ọkọ, kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀.

"Ọ̀já," ni Káfíńtà wí.

"Ọja," ni ìyá wí lẹ́yìn rẹ̀. Ẹkún bú jáde lẹ́nu rẹ̀, irú èyí tí kò tíì sun láti ìgbà tó ti ṣubú.

Olùṣọ́ sáré lọ mú ọ̀já funfun kan tó fi ń so ẹrù mọ́ kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ìyàwó fi yí ìyá ká lábẹ́ abíyá, ó fi yí ìdí rẹ̀ ká, ó ta kókó rẹ̀ sí àyà ọkọ rẹ̀. Ó fà á kí ó le. Ara ìyá kọ́kọ́ gan. Lẹ́yìn náà ó dẹ̀. Ọwọ́ òsì tú kúrò lọ́rùn Káfíńtà, ìka kan tẹ̀ lé òmíràn, ó sì wá fì sílẹ̀ lórí èjìká rẹ̀, láìṣe nǹkan kan.

Káfíńtà kò tíì rí ọwọ́ náà bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí àìsàn ti dé. Ẹ̀rù ìṣubú ni kò jẹ́ kí ìyá nà án. Láràárọ̀, tí wọ́n bá ti gbé e lé àga yẹn, ó ń bẹ̀ wọ́n kí wọ́n so òun. Wọ́n ra ọsàn fún un.

Káfíńtà rántí sáńpépà. Ó rántí bí òun ṣe fi ẹ̀yìn ọwọ́ ra ìjókòó náà, tí inú òun dùn pé ó ń yọ̀.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí rìn. Wọ́n kọjá kànga. Nígbà tí wọ́n dé ibi tábìlì òṣùwọ̀n, ó dúró.

"Kí ló dé?" ni ìyàwó bi í. "Ṣé wọ́n wúwo ni?"

"Kí ni wọ́n sọ lórí fóònù?"

"Ta ni?"

"Màmá. Nígbà tí Ẹ̀gbọ́n bi wọ́n."

"Wọ́n ní àwọn ó lọ."

"Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ gan-an. Sọ ọ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́."

Ìyàwó la ẹnu. "N ó..." Ó pa á dé. Ó tún un sọ láìgbé ohùn sókè, láìgbé e wálẹ̀. "N o lọ." Ó jókòó sórí òkúta. "Yéè. Ṣé 'n ò lọ' ni?"

"Mi ò mọ̀." Káfíńtà yí ojú sí èjìká. "Màmá. Ọwọ́ yín ti ráyè báyìí. Tí ẹ bá fẹ́ bá Ẹ̀gbọ́n lọ, ẹ gbá mi láyà lẹ́ẹ̀kan. Tí ẹ ò bá fẹ́, ẹ gbá mi lẹ́ẹ̀mejì."

Òkun wọlé sáàárín àwọn ìsọ̀, ó padà. Ọwọ́ ìyá gbéra. Ó gbá a láyà lẹ́ẹ̀kan.

Káfíńtà ń dúró.

Ọwọ́ náà tún gbéra. Ó gbá a. Ó tún gbá a, ó tún gbá a, kò dúró lórí èjì, ó ń lù ú bí ẹni tó ń kan ìlẹ̀kùn ilé ara rẹ̀ tí wọ́n ti tì mọ́ ọn síta.

"Mo ti gbọ́," ni Káfíńtà wí. "Ó tó, Màmá. Mo ti gbọ́."

Ìyàwó ń wo ilẹ̀. "Ẹ̀yìn ń dùn mí, Káfíńtà," ló wí. Orúkọ iṣẹ́ yẹn ló máa ń pè é tí ọ̀rọ̀ bá le. "Mi ò sọ pé kí wọ́n lọ. Mo kàn ń sọ pé ẹ̀yìn ń dùn mí."

"Mo mọ̀. Èmi ni màá máa gbé wọn láràárọ̀. Èmi ni màá máa gbé wọn lálẹ́ náà."

Ó pẹ́ tí ìyàwó ti gbọ́ ọ̀rọ̀ tó gùn tó bẹ́ẹ̀ lẹ́nu rẹ̀. Kò mọ̀ bóyá òun gbà á gbọ́. Ó dìde, ó gbọn iyanrìn, ó gbé àga tó ti ṣẹ́, wọ́n sì gun òpópónà náà padà sílé.

Ní ìrọ̀lẹ́, Káfíńtà pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, Màmá ò bá yín lọ mọ́."

"Kí ló ń ṣe ọ́? Àwọn fúnra wọn ló sọ fún mi!"

"N ò lọ ni wọ́n sọ."

"Ìwọ náà wà níbẹ̀," ni ẹ̀gbọ́n wí. "O gbọ́ ọ. O ò wí nǹkan kan."

"Mi ò wí nǹkan kan."

"Èmi fúnra mi ló máa bi wọ́n lọ́la. Mi ò ní gba tẹnu rẹ."

"Ẹ bi wọ́n," ni Káfíńtà wí. "Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ so wọ́n ná, kí ẹ tó bi wọ́n."

Ó padà sí ṣọ́ọ̀bù. Ó fi ọ̀bẹ ha fáníìṣì kúrò lórí ìjókòó náà títí igi kò fi yọ̀ mọ́. Ó gbẹ́ ihò sí ẹ̀yìn àga, ibi tí ọ̀já máa gbà kọjá. Ọwọ́ rẹ̀ mọ iṣẹ́ náà, ọkàn rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Ó ń ka àwọn ọ̀rọ̀ mìíràn tí ìyá ti sọ láti ìgbà náà. "Ọwọ," ni ìyá wí lọ́jọ́ kan, wọ́n sì di ọwọ́ rẹ̀ mú. Bóyá ọwọ̀ ló fẹ́ kí wọ́n fi gbálẹ̀. "Ọkọ," ló wí lọ́jọ́ mìíràn, wọ́n gbé àwòrán bàbá wá, gbogbo wọn jọ sunkún. Bóyá ọkọ̀ kan ló ń pariwo níta tí kò jẹ́ kí ó sùn.

Ó gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. Láti inú yàrá, ìyá tún sọ nǹkan kan. Ó dìde lọ bi í, kí ó lè fi ọwọ́ dá a lóhùn.